Ìjókòó Ẹ̀yìn Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Ra Alùpùpù Tí Yóò Máa Fi Gbé Ìyàwó Rẹ̀

 

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tí a kírun tán, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tí ì pẹ́ tí ó ṣe nikáà wá bá wa ní iwájú mọ́sáláṣí. Ó ní owó tí òun ti ń kó jọ ti tó, òun sì fẹ́ ra alùpùpù tí òun yóò máa fi gbé ìyàwó òun láti Ìbàdàn lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Ìwó. Ó ní owó ọkọ̀ ti pọ̀ jù fún àwọn, àti pé kò wu òun kí ìyàwó òun máa jókòó sẹ́yìn ọkùnrin àjèjì lórí ọ̀kadà. Ó ní kí a gba òun ní ìmọ̀ràn.

Ẹ ò rí i bí ẹnu ṣe pọ̀ níbẹ̀! Ẹnìkan ní ẹni tí kò bá ra Honda kò tí ì ra nǹkan kan. Ẹlòmíràn ní Bajaj ni ó dára, nítorí kò sí abúlé tí ènìyàn kò ti ní rí ohun èlò rẹ̀ rà. Ẹnìkẹta ní kí ó sá ti ra èyí tí kì í jẹ epo. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ẹnjìnì, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa eré sísá, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ pupa àti àwọ̀ dúdú. Nígbà tí ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́, mo bi ọmọ náà pé, "Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ó ga ni, àbí ó kúrú? Irú aṣọ wo ni ó máa ń wọ̀ jáde? Ṣé ó ti jókòó sórí ọ̀kankan nínú wọn rí?"

Ọmọ náà dákẹ́. Gbogbo wa dákẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ náà ni ó mú mi jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra alùpùpù tí yóò máa gbé ènìyàn méjì rìn ọ̀nà jíjìn, ìjókòó ẹ̀yìn ni kí ó kọ́kọ́ wò, kí ó tó wo ẹnjìnì. Ẹni iwájú di ọwọ́ alùpùpù mú, ó ń wo ọ̀nà, ó sì mọ ìgbà tí òun yóò tẹ bíréèkì. Ẹni ẹ̀yìn kò mọ ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí. Ohun tí a bá ṣe sílẹ̀ fún un kí a tó kúrò nílé ni ó ní.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọgbọ́n orí mi ni mo fi bi ọmọ náà ní ìbéèrè yẹn. Ẹ̀kọ́ ni mo kọ́, owó ẹ̀kọ́ náà sì wọ́n. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi àti ìyàwó mi ń lọ síbi ìkómọjáde kan. Ó wọ aṣọ funfun, ó sì da ìborùn gígùn bo orí àti èjìká rẹ̀, bí ó ti yẹ obìnrin Mùsùlùmí. Ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà ní apá òsì. Alùpùpù náà kò tí ì ju oṣù mẹ́ta lọ lọ́wọ́ mi, ó sì ń dán. Mo ti ra ìbòrí fún tánkì epo rẹ̀, mo ti ra fìtílà kékeré tí ń ṣẹ́jú sí i níwájú. N kò ra nǹkan kan sí ẹ̀yìn.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí òkìtì adínjàgbá ojú ọ̀nà kan ni, a kò sì tí ì máa sáré. Mo kàn gbọ́ tí ó kígbe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, alùpùpù sì fúyẹ́ lábẹ́ mi. Etí ìborùn rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ fẹ́ wọ inú sípóòkù ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ náà ká aṣọ, aṣọ fún un ní ọrùn, ó sì fà á ṣubú sẹ́yìn. Ọlọ́hun Ọba ni ó ṣe é tí aṣọ náà fi ya. Ojú egbò yí ọrùn rẹ̀ ká bí ẹni tí a fi okùn so, ó sì pẹ́ kí ó tó lè yí orí rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi tí n kò gbàgbé. Ó ní, "Àáfà, ẹ ra nǹkan sí ibi tí ẹ̀yin jókòó sí. Ibi tí èmi jókòó sí, ẹ kò wò ó."

Àpẹẹrẹ Ànábì wa

Nígbà tí ó sọ bẹ́ẹ̀, ojú tì mí, nítorí pé èmi tí mo ń ka hádíìsì fún àwọn ènìyàn ni mo gbàgbé èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ náà mu jù lọ. Ó wà nínú ìwé Bùhárì, láti ẹnu Ànásì ọmọ Málíkì. Ní ọdún keje Híjírà, nígbà tí Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ń ti Káíbárì bọ̀ wá sí Mẹ̀dínà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Sàfíyà, Ànásì rí i tí Ànábì fúnra rẹ̀ ń fi aṣọ ìlékè ṣe tìmùtìmù sí ẹ̀yìn ràkúnmí fún un. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó ti ràkúnmí, ó gbé orúnkún rẹ̀ kalẹ̀, Sàfíyà sì fi ẹsẹ̀ tẹ orúnkún náà gùn ún.

Kò tán síbẹ̀. Ànásì tún sọ pé lójú ọ̀nà ìrìn àjò yẹn, ẹsẹ̀ ràkúnmí náà yọ̀, àwọn méjèèjì sì ṣubú. Abú Tọ́láhà sáré wá sọ́dọ̀ Ànábì láti bèèrè bóyá ó farapa. Ànábì ní kí ó lọ wo obìnrin náà. Abú Tọ́láhà fi aṣọ bo ojú ara rẹ̀, ó lọ bá a, ó ju aṣọ náà bò ó, ó sì tún ẹran gígùn wọn ṣe kí wọ́n tó máa bá ọ̀nà wọn lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo nǹkan tí ó wà nínú ìtàn yìí: ìjókòó ẹ̀yìn tí a fi tìmùtìmù ṣe, ibi tí ẹni ẹ̀yìn yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ gùn ún, aṣọ tí ó bo obìnrin ní àṣírí, àti ẹni tí a kọ́kọ́ lọ wò nígbà tí jàǹbá ṣẹlẹ̀. Ohun tí a ó máa wá lára alùpùpù náà nìyẹn.

Ẹ mú ìyàwó lọ sí ọjà

Ẹ má ṣe dá lọ ra alùpùpù tí ẹ̀yin méjì yóò jọ máa gùn. Ẹ mú ìyàwó yín dání, kí ó sì wọ irú aṣọ tí ó máa ń wọ̀ jáde. Ọkọ yóò gun iwájú, ìyàwó yóò gun ẹ̀yìn, alùpùpù yóò dúró gbọn-in láìṣí ẹnjìnì. Kí ẹ jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tí ara bá ń ni ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ni yóò ṣe ní ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìwó tí ó jẹ́ nǹkan bíi 45 kìlómítà?

Kí ìyàwó wò ó bóyá ó lè gùn ún láìjẹ́ pé ẹnìkan gbé e, bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dé ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, bóyá orúnkún rẹ̀ kò ká sókè jù, bóyá ọwọ́ rẹ̀ rí irin dì mú. Kí ìjókòó náà gùn tó tí ìdí rẹ̀ kò fi ní kọjá etí rẹ̀ sẹ́yìn, kí ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn alùpùpù kan wà tí ìjókòó ẹ̀yìn wọn ga fíofío, tí ó sì kéré bí ewé. Ti eré ìje ni wọ́n, wọn kì í ṣe ti ilé. Bí ìjókòó bá dára ṣùgbọ́n tí tìmùtìmù inú rẹ̀ ti rọ, àwọn tí ń rán ìjókòó mọ́tò lè fi tuntun sí i. Kí ẹ ní kí wọ́n fi awọ tí kì í yọ̀ bò ó, nítorí pé awọ tí ń dán máa ń ti ẹni ẹ̀yìn lu ẹni iwájú nígbàkúùgbà tí a bá tẹ bíréèkì.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe alùpùpù. Ẹ ó rántí Honda kékeré tí àwọn bàbá wa máa ń gùn, èyí tí Japan gbé jáde ní 1958. Wọ́n ṣe é tí ẹni tí ó wọ aṣọ gígùn lè gba iwájú ìjókòó sọdá láìgbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n sì bo ṣéènì rẹ̀ pátápátá. Ní 2017, iye irú rẹ̀ tí wọ́n ti ṣe pé 100 mílíọ̀nù. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí ń fi alùpùpù rìnrìn àjò láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀ sì fẹ́ràn èyí tí ń jẹ́ Gold Wing, tí Honda kọ́kọ́ fi han ayé ní 1974. Ti òde òní, ẹnjìnì rẹ̀ jẹ́ 1,833, ó sì tóbi bí akọ màlúù. Ṣùgbọ́n lọ wo ẹ̀yìn èyí tí wọ́n ṣe fún ìrìn àjò: ìjókòó fífẹ̀, ibi tí a ń fi ẹ̀yìn tì, àpótí ẹrù lápá ọ̀tún àti òsì kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ẹrù lé itan. A kò ní owó Gold Wing, ọ̀nà wa kò sì gbà á, ṣùgbọ́n èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ kò ju agbára wa lọ.

Ní ti ẹnjìnì, 100 tó fún ènìyàn méjì láàrin ìlú tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú. Fún ọ̀nà jíjìn, tàbí ibi tí òkè wà bíi ti Ẹ̀fọ̀n Aláayè àti Ìdànrè, 125 tàbí 150 ni kí ẹ wá. Ẹnjìnì tí ó kéré jù yóò máa ké, kò sì ní lè tètè yọ yín kúrò níwájú ọkọ̀ ńlá tí ó bá ń bọ̀ lẹ́yìn. Kí ẹ wo ìwé tí ó bá alùpùpù wá, níbi tí wọ́n kọ ìwọ̀n ẹrù tí ó lè gbé sí. Bí ìwé bá kọ 150 kìlò, tí ọkọ jẹ́ 75, tí ìyàwó jẹ́ 65, ẹrù tí ó kù kò ju kìlò mẹ́wàá lọ. Àpò gaàrí kò sí nínú ìṣirò náà.

Aṣọ àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn alùpùpù

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá fi etí sílẹ̀ dáadáa. Jàǹbá tí ó ṣe ìyàwó mi kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ní 1927, obìnrin oníjó kan tí gbogbo ayé mọ̀, Isadora Duncan, jókòó sínú ọkọ̀ tí kò ní òrùlé ní ìlú Nice ní ilẹ̀ Faransé. Ìborùn gígùn tí ó ta sí ọrùn wọ inú ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó sì pa á. Ní Íńdíà, Pakísítánì àti Bangladesh, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ta ìborùn tí wọ́n ń pè ní dupatta, àwọn dókítà ti kọ̀wé lọ́pọ̀ ìgbà nípa àwọn obìnrin tí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ fún lọ́rùn lórí alùpùpù àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Nítorí irú nǹkan báyìí ni òfin ọkọ̀ ilẹ̀ Íńdíà ti 1989 fi pa á láṣẹ pé gbogbo alùpùpù gbọ́dọ̀ ní irin ìdìmú fún ẹni ẹ̀yìn, ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, àti ààbò tí yóò bo ó kéré tán ìdajì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kí aṣọ má baà wọ inú rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn alùpùpù tí ń bẹ ní ìlú wa, Íńdíà ni wọ́n ti wá. Bí ẹ bá rí irin tí ó dà bí àwọ̀n lápá òsì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó dùn mí pé àwọn ọ̀dọ́ wa mìíràn máa ń tú u dànù, wọ́n ní kò jẹ́ kí alùpùpù lẹ́wà.

Bí tiyín kò bá ní i, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ jórinjórin tí ó mọ iṣẹ́. Kí ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe àwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ojú àwọ̀n náà má ṣe fẹ̀ ju ohun tí ìka méjì lè wọ̀ lọ, kí ó fi bóòtù dè é mọ́ alùpùpù kí ó má baà yẹ̀ kan táyà. Kí ó má ṣe jó o mọ́ egungun alùpùpù gan-an, nítorí pé iná jíjó lè sọ ibẹ̀ di aláìlágbára. Kí ẹ rí i pé ìbòrí ṣéènì wà níbẹ̀ ní pípé. Àwọ̀n yìí kan náà ni yóò gba ẹsẹ̀ ọmọdé lọ́wọ́ sípóòkù.

Ṣùgbọ́n àwọ̀n nìkan kò tó. Obìnrin tí ó bá máa gun alùpùpù, kí ó wọ hìjáàbù tí a rán pa, tí kò ní etí tí ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Bí ìborùn bá gùn, kí ó wọ ẹ̀wù ìlékè tí ó ní bọ́tìnnì lé e, kí ó sì ki gbogbo etí rẹ̀ sínú. Kí ó má ṣe ta á yí ọrùn ká láé. Ẹ̀yin ọkùnrin náà, agbádá kì í ṣe aṣọ alùpùpù. Ẹ ká a sínú àpò títí ẹ ó fi dé òde.

Ẹ̀gbẹ́ kan ni, àbí a ó la ẹsẹ̀?

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń ni àwọn ìyá wa lára. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan nítorí ìtìjú, ìtìjú sì jẹ́ apá kan ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ ní apá ọ̀tún. Ọkọ̀ tí ó bá ń yà wá sílẹ̀, apá òsì wa ni ó ń gbà, títí kan èyí tí ń bọ̀ níwájú. Obìnrin tí ó bá kọ ẹsẹ̀ sí òsì, orúnkún rẹ̀ ni ó nà sí ọkọ̀ wọ̀nyẹn. Bí ó bá sì kọ ọ́ sí ọ̀tún, sàlẹ́ńsà gbígbóná ni ó wà níbẹ̀ lára ọ̀pọ̀ alùpùpù. Ní Íńdíà, apá òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ tí ó wà ní òsì wà ní ìhà igbó. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan kò lè fi orúnkún di nǹkan kan mú, ara rẹ̀ kì í sì í bá alùpùpù tẹ̀ nígbà tí a bá ń yà ní kọ́nà.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí obìnrin wọ ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ tí ó dé ọrùn ẹsẹ̀ sábẹ́ aṣọ rẹ̀ gbígbòòrò, kí ó la ẹsẹ̀ jókòó, kí ó sì ká aṣọ òkè sábẹ́ itan. Àṣírí rẹ̀ bò, ẹ̀mí rẹ̀ sì wà láìléwu. Ṣọ́ra fún ìró tí a kàn ró mọ́ ìdí. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìró la ẹsẹ̀ kí ó má ṣí sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìyá wa fi ń jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣòkòtò ni ó tú kókó náà.

Kí ẹ fi irin pẹlẹbẹ bo sàlẹ́ńsà ní ibi tí ẹsẹ̀ ẹni ẹ̀yìn sún mọ́, kí ó sì máa gun alùpùpù láti apá òsì. Bí iná sàlẹ́ńsà bá jó ẹnikẹ́ni, ẹ má ṣe fi epo pupa tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Omi tútù tí ń ṣàn ni kí ẹ dà sí i fún 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù bí ó bá tóbi.

Akoto méjì, kì í ṣe ẹyọ kan

Ẹ ó rántí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2009, nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí fi agbára mú òfin akoto ṣẹ fún ọlọ́kadà àti èrò. Àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé ìkòkò àti ike ọ̀dà, gbogbo ayé sì fi wá rẹ́rìn-ín. Àwọn èrò náà ń bẹ̀rù akoto ọlọ́kadà, wọ́n ní ẹnìkan lè ti fi oògùn sínú rẹ̀, tàbí kí ó kó èèràn ran àwọn. Ẹni tí ó ra akoto fún ìyàwó rẹ̀ ti yanjú ẹjọ́ méjèèjì.

Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ kó jọ ní 2008 fi hàn pé akoto ń dín ikú àwọn tí ó bá ní jàǹbá alùpùpù kù ní ìwọ̀n 42 nínú 100, ó sì ń dín fífi orí pa kù ní ìwọ̀n 69 nínú 100. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ti ẹni iwájú nìkan ni. Síbẹ̀, lójoojúmọ́ ni à ń rí ọkọ tí ó dé akoto, tí ìyàwó rẹ̀ we gèlè.

Akoto tí ó dára máa ń ní àmì, lẹ́tà E pẹ̀lú nọ́ńbà nínú òbìrí, tí a rán mọ́ okùn rẹ̀ nínú, tàbí àmì DOT lẹ́yìn. Kí ó fún orí díẹ̀ láìdunni, kí ó má ṣe yí nígbà tí ẹ bá mi orí, kí okùn rẹ̀ sì wà ní dídè lábẹ́ àgbọ̀n nígbà gbogbo. Kí obìnrin dé e lórí hìjáàbù fẹ́lẹ́ tí kò ní kókó. Gèlè yóò wà nínú àpò. Èyí tí a bá we ní òde ni àwọn ènìyàn yóò rí.

Táyà, bíréèkì àti ẹrù

Àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nígbà tí ènìyàn kejì bá gun alùpùpù, kì í ṣe ìwọ̀n nìkan ni ó ń yí padà. Afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ lé sí i. Ìwé alùpùpù ni yóò sọ iye rẹ̀. Irú nọ́ńbà tí ẹ ó máa rí níbẹ̀ ni 28 fún ẹni kan àti 32 fún ẹni méjì. Kí fọganáísà fi gééjì wọ̀n ọ́n, kí ó má ṣe fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lásán. Lára táyà ni ẹ ó ti rí nọ́ńbà mẹ́rin tí ó sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2319, fún àpẹẹrẹ, ni ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Táyà tí ó ti gbó kò yẹ lábẹ́ ènìyàn méjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ ṣì dán.

Kí mẹkáníìkì le ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn sí i ní ipò kan tàbí méjì kí ẹ tó rìn jìnnà. Kí ó wo ṣéènì nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì wà lórí alùpùpù, nítorí pé ṣéènì tí ó rọ̀ nígbà tí ẹni kan jókòó lè le koko bí ẹni méjì bá jókòó. Kí ó sì rẹ iná iwájú sílẹ̀, nítorí ẹ̀yìn tí ó wúwo máa ń gbé iná sókè sí ojú àwọn tí ń bọ̀.

Bíréèkì méjèèjì ni kí ẹ máa lò pọ̀, jẹ́jẹ́. Ẹni méjì kì í tètè dúró bí ẹni kan. Kí ẹ jẹ́ kí àyè tó wà láàrin yín àti ọkọ̀ iwájú. Nígbà tí ó bá kọjá igi kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí ka oókan, eéjì, jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá dé ibi igi náà kí ẹ tó ka ẹẹ́rin, ẹ ti sún mọ́ ọn jù.

Ẹrù yóò wà nínú àpò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìwọ̀n wọn dọ́gba, ó sì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀. Káríà ẹ̀yìn wà fún ohun fúyẹ́. Kí ẹ má ṣe so nǹkan mọ́ ọwọ́ alùpùpù, kí ẹ má sì gbé ẹrù lé ìyàwó lórí itan, nítorí pé ọwọ́ tí ó di ẹrù kò lè di irin mú.

Àwọn ọmọ ńkọ́?

Mo fẹ́ bá ẹ̀yin òbí sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Òfin ìrìnnà wa kò gbà ju èrò kan lọ lórí alùpùpù. Ọkọ ní iwájú, ọmọ lórí tánkì, ìyàwó lẹ́yìn, ìkókó ní ẹ̀yìn ìyàwó: à ń rí i lójoojúmọ́, ó sì ti di ohun tí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Ọmọ tí a pọ̀n kò ní akoto, bí ìyá rẹ̀ bá sì fi ẹ̀yìn lélẹ̀, orí ọmọ náà ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Aboyún pẹ̀lú kò yẹ kí ó wà lórí alùpùpù ní ọ̀nà jíjìn tí ó ní kòtò. Bí ọmọ bá wà nínú ìrìn àjò náà, kí ẹ san owó ọkọ̀. Àwọn mìíràn yóò ní Ọlọ́hun ni ó ń ṣọ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni, Ọlọ́hun ni ó ń ṣọ́ni, ṣùgbọ́n Ànábì kan náà sọ fún ẹni tí ó bi í léèrè nípa ràkúnmí pé kí ó so ó mọ́lẹ̀, kí ó sì gbára lé Ọlọ́hun.

Lójú ọ̀nà

Kí ẹ tó gbéra, kí ẹ ka àdúà gígùn tí ó wà nínú Súrátù Súkúrúfù, áyà 13 àti 14. Kí ẹ jọ fi ohùn ṣọ̀kan lórí àmì, nítorí pé afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gbọ́: bí ìyàwó bá fọwọ́ kan èjìká ọkọ lẹ́ẹ̀kan, kí ó dín eré kù, bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, kí ó dúró. Ọkọ tí kò bá dúró nígbà tí a fọwọ́ kàn án kò yẹ ní ẹni tí ń gbé ènìyàn. Kí ìyàwó má ṣe sọ̀kalẹ̀ tàbí gùn ún kí ọkọ tó sọ pé ó yá. Láàrin wákàtí kan sí ìkejì, ẹ dúró ní mọ́sáláṣí ẹ̀bá ọ̀nà, kí ẹ na ẹsẹ̀, kí ẹ mu omi, bí ìrun bá sì ti tó, kí ẹ ki í. Kí ẹ wo aṣọ ara yín àti àwọ̀n ẹ̀yìn kí ẹ tó tún gbéra. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú tàbí tí òjò bá ṣú, ẹ sun ibi tí ẹ wà. Àwọn àna yóò gbà yín ní ọ̀la.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ padà wá ní ọjọ́ Jímọ̀ kejì. Ó ní ìyàwó òun ti jókòó sórí alùpùpù mẹ́rin. Ó kọ ọ̀kan nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, ó kọ ọ̀kan nítorí kò rí ibi dì mú, ó sì kọ ẹ̀kẹta, tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn jù, nítorí pé ìjókòó rẹ̀ ga. Ẹ̀kẹrin ni wọ́n rà. Kò pupa, kò sì ń dán tó èyí tí ọkọ fẹ́. Owó tí ó ṣẹ́kù ni wọ́n fi ra akoto kejì, tí wọ́n sì fi sanwó fún jórinjórin.

Ó bèèrè lọ́wọ́ mi pé, "Àáfà, ṣé kò sí nǹkan kan tí ó kù?"

Mo ní, "Ó ku ẹyọ kan. Nígbà tí ẹ bá dé Ìwó, kí o tó máa wo bóyá epo ń jò, yí padà wo ìyàwó rẹ."

Kí Ọlọ́hun Ọba máa ṣọ́ gbogbo wa lọ, kí ó máa ṣọ́ wa bọ̀, kí ó má ṣe fi ojú ọ̀nà yà wá kúrò lọ́dọ̀ àwọn ìdílé wa. Àámín.